Ẹ̀yìn ń dùn yín, ta lẹ fẹ́ kó fọwọ́ kàn án?

Tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń rọ̀, tí oòrùn ti ń kúrò lórí Òkè Olóṣùnta ní Ìkéré-Èkìtì, nǹkan kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Bàbá á ti oko dé, á ju àdá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á tẹ́ ẹní, á dojú bolẹ̀, á wá lọgun pe ọmọ rẹ̀ tó kéré jù lọ pé kó wá gun ẹ̀yìn òun. Ọmọ á bọ́ bàtà, á fọwọ́ kan di ògiri mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìbàdí lọ sí èjìká, láti èjìká padà sí ìbàdí. Bàbá á máa kérora pé, "Ẹ̀hẹ́n, ibẹ̀ yẹn gan-an, tún un tẹ̀." Eegun á dún kọ́, á tún dún kọ́, bàbá á mí kanlẹ̀, á ní ara ti tu òun wàyí. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìkéré, Ìsẹ̀ tàbí Emùré, tó bá ní òun kò gun ẹ̀yìn bàbá tàbí ìyá òun rí, àfi kó jẹ́ pé ìlú òyìnbó ló ti dàgbà.

Kò sẹ́ni tó lè bá bàbá wí. Ẹ̀yìn tó fi kọ ebè iṣu láti àárọ̀ ló ń dùn ún, kò sì sí owó tí yóò fi wọ mọ́tò lọ sí Adó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó yẹ kó ká èèyàn lára ni pé ọmọ tó gun ẹ̀yìn yẹn kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, bàbá tó dojú bolẹ̀ náà kò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn rẹ iṣan ẹ̀yìn lásán ni, kò sí wàhálà. Bó bá wá jẹ́ pé kòkòrò ikọ́ ife ló ti ń jẹ eegun ọ̀hún láti inú ńkọ́? Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré.

Ọwọ́ tó ń kan ẹ̀yìn èèyàn lágbègbè gúúsù Èkìtì yìí kò níye. Ti ọmọ ilé wà níbẹ̀, ti báábà tó máa ń fi ọwọ́ yí ọrùn oníbàárà lẹ́yìn tó bá gẹrun tán wà níbẹ̀, ti teegun-teegun tó ní ewé àti òróró lọ́wọ́ wà níbẹ̀, ti àwọn físíò tó wà lọ́sibítù náà wà níbẹ̀. Láàárín wọn ni orúkọ mìíràn ti ń yọjú, tí àwọn ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù máa ń dárúkọ lórí fóònù fún àwọn òbí wọn nílé: "Màámi, ẹ lọ wá chiropractor." Ìyá á ní, "Kí nìyẹn tún ni? Ṣé oògùn ni àbí dókítà?"

Kì í ṣe oògùn. Kì í sì í ṣe dókítà tó ń fún èèyàn ní abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn, ọrùn àti ìbàdí ni. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tí a fọwọ́ ṣe lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á ní ṣebí teegun-teegun náà nìyẹn. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ẹ̀mí èèyàn wà.

Ọ̀nà kan wà láti Ìkéré dé ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére tó kú lọ́dún 1938, gbẹ́ àwọn òpó kan sí ààfin Ògògà ti Ìkéré. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Chicago lónìí. Ọba jókòó sórí ìtẹ́ lórí òpó yẹn, ìyáálé rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbọnrangandan, ọrùn rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Ẹni tó bá wo òpó náà dáadáa á rí i pé ara obìnrin yẹn gan-an ni òrùlé gùn lé, kì í ṣe ara ọba. Bóyá Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni o, àbí igi ló bá a bẹ́ẹ̀, ohun tó rí ní ọjà àti lójú ọ̀nà oko nígbà ayé rẹ̀ náà là ń rí dòní: obìnrin ló ń fi ọrùn àti ẹ̀yìn gbé ẹrù. Èèyàn tó bá wá wọ mọ́tò ní Chicago tí òpó yẹn wà, tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, kó tó rẹ̀ ẹ́ yóò sọdá odò Mississippi bọ́ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ibẹ̀ ni ìtàn chiropractor ti bẹ̀rẹ̀, lára ọmọ aláwọ̀ dúdú kan.

Harvey Lillard ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ títọ́jú ilé ńlá alájà púpọ̀ kan ló ń ṣe, etí rẹ̀ sì ti di. Inú ilé kan náà ni Daniel David Palmer ti ń gba àlejò. Palmer yìí, Kánádà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1845. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti sin oyin, ó ti ta ohun jíjẹ, kó tó wá di ẹni tó ń sọ pé agbára kan wà lọ́wọ́ òun tó ń wo aláìsàn sàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, gẹ́gẹ́ bí Palmer ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ó bi Lillard ní ohun tó di í létí. Ìyẹn ní láti ọdún 17 sẹ́yìn ni, ọjọ́ tí òun tẹ̀ síbi tóóró kan tí òun ń ṣiṣẹ́, tí nǹkan sì já lẹ́yìn òun. Palmer fọwọ́ pá a lẹ́yìn, ó bá eegun kan tó yọ gọngọ, ó tì í padà, ó ní bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn nìyẹn.

Ọmọbìnrin Lillard kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun sọ nígbà tó yá ni pé bàbá òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dápàárá ni, ẹ̀fẹ̀ náà pa Palmer lẹ́rìn-ín, ó bá fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ gbá bàbá òun lẹ́yìn, ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni bàbá òun ní òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀ díẹ̀. Èwo lẹ fẹ́ gbà nínú méjèèjì? Àwọn dókítà ní tiwọn ní iṣan tí èèyàn fi ń gbọ́ràn kò gba ẹ̀yìn kọjá rárá, inú agbárí ló wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1897, Palmer dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1906 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n pé ó ń ṣe ìwòsàn láìgba ìwé àṣẹ, ọmọ rẹ̀ B.J. sì gba ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá kú lọ́dún 1913, àwọn kan ń sọ kiri pé mọ́tò ọmọ ló kọlu bàbá níbi ìwọ́de kan ní Davenport, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn adájọ́, kò sì já sí nǹkan kan. Ìjà bàbá àti ọmọ, ibo ni kì í sí?

Àwọn dókítà Amẹ́ríkà bá wọn jà títí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ àwọn bá chiropractor da nǹkan pọ̀ rárá. Àwọn chiropractor gbé wọn lọ sí kóòtù lọ́dún 1976, lọ́dún 1987 ni adájọ́ dá ẹgbẹ́ dókítà lẹ́bi pé wọ́n ń ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́.

Ọ̀nà tí àwọn chiropractor ń gbà ṣiṣẹ́ kò dọ́gba. Àwọn kan á dì ọ́ mú, wọ́n á yí ọ kíá, á dún kọ́ọ́. Àwọn mìíràn kì í yí èèyàn. Èyí tó yàtọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí Bertrand DeJarnette gbé kalẹ̀ ní Nebraska láti nǹkan bí ọdún 1920 lọ sókè. Iṣẹ́ ẹ̀rọ lọkùnrin yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí ìjàǹbá tó ṣe é lẹ́yìn, ohun tó sì ń wá kiri ni ìtọ́jú ara rẹ̀. Ó ní ìdí àti agbárí ni orí méjèèjì ọ̀pá ẹ̀yìn, pé bí ọ̀kan bá wọ́, èkejì á fara gbá a. Nítorí náà, aláìsàn á dùbúlẹ̀, wọ́n á ki ohun kan tó rí bíi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ igi sábẹ́ ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ ara rẹ̀ sọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi ìka di agbárí rẹ̀ mú jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni di ẹyin mú. Ọ̀rọ̀ agbárí yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà mìíràn tó ń jẹ́ William Sutherland ti ń sọ tipẹ́ pé eegun orí tí a so pọ̀ máa ń sún díẹ̀ díẹ̀, bí ẹja ṣe ń mí.

Òótọ́ ni pé eegun 22 ló para pọ̀ di orí èèyàn. Òótọ́ tún ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n di orí wọn mú bẹ́ẹ̀ ní ara tu àwọn, oorun sì gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ti dàgbà tán, eegun orí rẹ̀ ti wọnú ara wọn pinpin, àwọn tó sì ti ṣe ìwádìí kò tíì rí ẹ̀rí gidi kan pé ìka èèyàn lè sún un, tàbí pé sísún un ń wo àrùn kankan sàn. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun ń fi títẹ agbárí wo wárápá tàbí ìgbóná ara ọmọdé, ẹ tètè gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí tó tiẹ̀ ṣeé tẹ̀ wà nílé wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, àwọn ìyá àgbà ní Emùré àti Ìsẹ̀ kò sì fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe òwe lásán. Bí ìyàwó bá bímọ, ìyá ọkọ á gbé omi gbígbóná kaná, á fi òrí pa ọwọ́, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ọmọ kó lè rí rìbìtì, á fa apá, á fa ẹsẹ̀, á sọ ọmọ sókè, á hán an. Ọ̀pọ̀ nínú ìtọ́jú yìí kò ní ewu, kódà fífi òrí ra ara ọmọ dára. Orí tó gùn sẹ́yìn nítorí ojú ara tó há máa ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yálà ìyá àgbà tẹ̀ ẹ́ tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Ohun tó léwu ni sísọ ọmọ sókè, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára, àti fífi agbára tẹ ibi tó rọ̀ láàárín orí, ìyẹn àwùjẹ̀. Kò sí eegun lórí ọpọlọ níbẹ̀. Ó máa ń tó ọdún kan àbọ̀ kó tó dí. Ìyá tó bá rí i pé ibẹ̀ wọnú, ọmọ náà ti gbẹ, pàápàá bó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Bó bá wú sókè tí ara ọmọ sì gbóná, àrùn lè ti wọ awọ ọpọlọ, ọsibítù ni lóru yẹn, kì í ṣe òrí àti omi gbígbóná.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìró kọ́ọ́ yẹn, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ó bá ti dún, eegun tó yẹ̀ ti padà sáyè rẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi yíyọ̀ kan wà nínú oríkèé èèyàn. Bí wọ́n bá fa oríkèé náà lójijì, àyè á ṣí sílẹ̀ nínú omi yẹn, òun ló ń dún. Àwọn onímọ̀ ní Kánádà fi ẹ̀rọ tó ń rí inú ara wò ó lọ́dún 1915 ó lé ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 2015, bí ẹnì kan ṣe ń fa ìka rẹ̀, wọ́n sì rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìka tí ọmọ iléèwé ń há kọ́kọ́kọ́ ní kíláàsì, ohun kan náà ni. Ìró kò sọ pé eegun yẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sọ pé ó ti tò báyìí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn báábà fi yẹ kó kọ èèyàn lóminú. Ẹni tó jókòó gẹrun kò sọ pé ọrùn ń dun òun, ṣùgbọ́n báábà á fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n rẹ̀ mú, á fi èkejì di ìpàkọ́, á yí i fìrì sọ́tùn-ún, á yí i fìrì sósì. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á fún un ní owó lé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló gba inú ihò àwọn eegun ọrùn lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Bí ọrùn bá yí lójijì, awọ inú iṣan náà lè ya, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, èèyàn á sì ní àrùn rọpárọsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, kódà lọ́wọ́ ẹni tó kàwé. Lọ́dún 2016, ọmọbìnrin arẹwà kan tó ń ya fọ́tò polówó ọjà ní Amẹ́ríkà, Katie May, ẹni ọdún 34, ṣubú, ọrùn ń dùn ún, ó lọ bá chiropractor. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì kú. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò fún ìjọba ní ọrùn tí wọ́n yí ló fa iṣan ẹ̀jẹ̀ ya. Bí èyí bá lè ti ọwọ́ ẹni tó lọ ilé ẹ̀kọ́ wá, kí ni báábà ń wá lọ́rùn èèyàn?

Ti teegun-teegun kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ọkadà ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà Ìsẹ̀ sí Emùré, apá àti ẹsẹ̀ ló sì ń kán. Ó dájú pé àwọn bàbá wọ̀nyí mọ iṣẹ́: wọ́n á na eegun, wọ́n á fi pákó ọparun tàbí ọpá wẹ́wẹ́ dì í, àwọn kan á kán ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á ní ọjọ́ tí ti adìyẹ bá jinná ni ti èèyàn náà yóò jinná. Owó wọn kò ga bíi ti ọsibítù, wọ́n sì ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bí ẹbí. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ṣe ń sá tọ̀ wọ́n nìyẹn, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sá fún gígé ẹsẹ̀. Ohun tó dùn ni pé láàárín àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn lọ́sibítù gan-an, a máa ń rí ẹni tó jẹ́ pé ìdì tí wọ́n dì le jù lọ́dọ̀ teegun-teegun ló pa ẹran ara rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n apá ni apá, ẹ̀yìn ni ẹ̀yìn. Bí eegun apá bá wọ́ jinná, èèyàn á máa fi í jẹun bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, okùn kan wà tó ti ọpọlọ wá tó ń gbé iṣẹ́ lọ fún ẹsẹ̀, fún ìtọ̀ àti fún ìgbẹ́. Okùn yẹn bá já, kò sí ewé tó ń so ó, kò sí dókítà tó ń so ó, ní Adó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iké. Láyé àtijọ́, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe abuké, Ọbàtálá ló ni ín, wọn kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ iké tí kì í ṣe ti inú oyún, tó jẹ́ pé ọmọ ti ń sáré kiri kó tó yọ, ikọ́ ife ló ń dá a. Ikọ́ ife kì í mọ sí àyà. Ó máa ń wọ inú eegun ẹ̀yìn, á jẹ ẹ́ díẹ̀ díẹ̀, eegun á wó, ẹ̀yìn á sì yọ ṣóńṣó. Ọmọ náà lè má wúkọ́ rárá. Ẹ̀yìn á kàn máa dùn ún fún oṣù bíi mélòó kan, á máa làágùn lóru, á máa rù, kò ní lè tẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, á kúnlẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tẹ eegun tó yọ yẹn padà, ó ti gbé e lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti rọ. Oògùn ni yóò máa lò fún oṣù gbọọrọ, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn ikọ́ ife láwọn ọsibítù ìjọba ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá tètè rí i, ọmọ náà lè má ní iké rárá.

Ti àwọn bàbá àgbà náà wà níbẹ̀. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀yìn ń dùn lóru ju ọ̀sán lọ, tó tún jẹ́ pé ìtọ̀ rẹ̀ ń já díẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ibi ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ ló ti rìn dé eegun. Eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ, títẹ̀ ló kù kó fọ́. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà, tí eegun bá ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ ni kò kọjá dáadáa, omi, oògùn ìrora àti dókítà ló nílò, kì í ṣe kí wọ́n gùn ún mọ́lẹ̀. Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì ni ti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò wá lè mọ̀ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ̀ mọ́, tàbí tí abẹ́ rẹ̀, ibi tí èèyàn fi ń jókòó sórí ọkadà gan-an, ti kú tipiri.

Ibi tí chiropractor tó mọ iṣẹ́ ti yàtọ̀ nìyí. Kó tó fọwọ́ kan èèyàn, ìbéèrè ló ń bi í. Ṣé o ṣubú? Ṣé ara gbóná? Ṣé o rù? Ṣé ẹsẹ̀ kan wúwo ju èkejì? Á fi òòlù kékeré gbá a lórúnkún, á ní kó fi gìgísẹ̀ rìn, á fi X-ray wò ó bí ó bá yẹ. Ẹni tí àmì àwọn àrùn wọ̀nyẹn bá wà lára rẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò darí rẹ̀ sí. Ìwé tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2005 nípa iṣẹ́ yìí kò fi bò: eegun tó ṣẹ́, jẹjẹrẹ, ikọ́ ife inú ọ̀pá ẹ̀yìn, wọn kò gbọdọ̀ yí i. Ìwé kan náà ló ní ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà ní àṣepé yóò kọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin, kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí 4,200. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ń kọ́ ọ ní fásitì ní Durban àti Johannesburg ní South Africa.

Ní Nàìjíríà, òfin tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1988 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn físíò sílẹ̀, abẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn náà ni iṣẹ́ chiropractor bọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé pátákó kọ́ sójú títì pé òun jẹ́ chiropractor, kò burú kí ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Kò ní bínú bí ó bá ní i. Àwọn tó ní ìwé gidi kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ìlú ńlá ni wọ́n sì máa ń wà. Ọmọ tó wà ní Houston tó ní kí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ̀ lọ wá chiropractor, ohun tó dáa ló rò, ṣùgbọ́n àwọn físíò ló sún mọ́ ìyá náà. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ físíò ní Fásitì Ìbàdàn, wọ́n sì wà ní ọsibítù ńlá Fásitì Èkìtì ní Adó, tí kò jìnnà sí Ìkéré, àti ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè kọ ọ́ sí Ìgbóbì ní Èkó, tó ti ń tọ́jú eegun láti ọdún 1945.

Àwọn tí ẹ̀yìn wọn kàn ń ro lásán ló pọ̀ jù, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. WHO ní èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ń dùn káàkiri ayé lọ́dún 2020, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò ní àrùn kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àjọ náà tún gbé ìmọ̀ràn jáde ní ìparí ọdún 2023 fún àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti ń ro pẹ́, wọ́n ní eré ìdárayá dára, kí èèyàn mọ bí yóò ṣe máa lo ara rẹ̀ dára, fífi ọwọ́ tọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn bí àwọn chiropractor ṣe ń ṣe náà lè ran àwọn kan lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n má máa fi bẹ́líìtì di ìbàdí. Bẹ́líìtì yẹn gan-an ni wọ́n ń tà káàkiri ọjà. Sísùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò dáa, rírìn ló dáa. Ìyá tó ń ru igi ìdáná lè dín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Bàbá tó ń kọ ebè lè fi ọ̀pá gígùn sí ọkọ́ rẹ̀ kó má baà tẹ̀ jù. Bí ó bá sì wu ọmọ kó gun ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ tí ara bàbá náà le, tí kò ṣubú, tí kò ní ìkankan nínú ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ibi kan ló kù tí gbogbo ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ rọra, ìyẹn ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó tó gba Ìkéré kọjá. Bí mọ́tò bá dojú dé níbẹ̀, àwọn aláàánú á sá wá, ẹnì kan á di apá mú, ẹnì kan á di ẹsẹ̀ mú, wọ́n á fa ẹni tó fara pa jáde bí àpò gàrí, wọ́n á kì í sẹ́yìn táksí, orí rẹ̀ á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ kàn ṣẹ́, tí okùn inú rẹ̀ kò tíì já, ibẹ̀ ni ó ti ń já. Bí iná kò bá jó, bí epo kò bá ń dà, ẹ má kánjú. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú kó má yí, kó má ṣe fi sílẹ̀. Ẹ wá pákó fífẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn, ẹ ti í sábẹ́ rẹ̀, kí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọrùn, ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ wà lórí ìlà kan. Pick-up tàbí bọ́ọ̀sì tó lè gba pákó náà gbọọrọ ni kí ẹ dá dúró, kì í ṣe ọkadà. Ẹni tó di orí mú kò gbọdọ̀ jọ̀ọ́ títí wọ́n á fi dé ọsibítù.